Ohun Tí Kò Sí Nínú Páálí: Ìtàn Àwòṣe Bàálù Ogun Zero ti Ilẹ̀ Jàpáànù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ènìyàn bá ṣí páálí àwòṣe bàálù ogun Zero tí iléeṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka, ní ilẹ̀ Jàpáànù, ṣe, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí kò jọ bàálù rárá. Férémù ike mélòó kan ni, tí àwọn ègé kéékèèké rọ̀ mọ́ bí èso ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ìyẹ́ wà lọ́tọ̀, ara bàálù wà ní ìlàjì méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àga awakọ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ náà wà lọ́tọ̀. Bébà àlẹ̀mọ́ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a ó rẹ sínú omi kí àmì róbótó pupa ilẹ̀ Jàpáànù tí ó wà lórí rẹ̀ lè ṣí kúrò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹ́. Ìwé ìlànà ń bẹ nínú rẹ̀, tí ó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ lẹ̀ àti èyí tí yóò gbẹ̀yìn.

Ìṣeré ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú nǹkan báyìí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń rà á. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún bàálù gidi ṣe ní kékeré kò lè fi ẹnu lásán ṣe é. Ó ní láti mọ bí ìyẹ́ ṣe gùn tó, ibi tí ìbọn wà, bí àga ṣe rí, àti ohun tí ó wà lẹ́yìn àga. Nínú ọ̀rọ̀ Zero, ohun tí ó sọ òtítọ́ jù lọ nípa bàálù náà ni ègé kan tí kò sí lára férémù kankan. Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí túmọ̀ sí.

Bí wọ́n bá kọ 1/48 sára páálí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí a bá to irú àwòṣe náà méjìdínláàádọ́ta ní orí sí ìdí, gígùn wọn yóò bá ti bàálù gidi dọ́gba. Ìyẹ́ Zero tí wọ́n ń pè ní Model 21 jẹ́ mítà 12 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Ní ìwọ̀n 1/48, sẹ̀ǹtímítà 25 ni èyí yóò jẹ́, kò tó rúlà ọmọ iléèwé. Ní ìwọ̀n 1/72, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 16 àti ààbọ̀ lọ púpọ̀. Ní ìwọ̀n 1/32, ó tó sẹ̀ǹtímítà 37 àti ààbọ̀. Olùkọ́ ìṣirò tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ìpín kò ní láti jìnnà.

Ìwọ̀n 1/72 ní ìtàn tirẹ̀, ó sì kan iléèwé gírámà gan-an. Ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà ni ẹsẹ̀ bàtà àti íńṣì, íńṣì 72 ni ó sì wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 6. Nítorí náà, ní ìwọ̀n yìí, ọkùnrin tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di íńṣì kan péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, lẹ́yìn tí Jàpáànù ti kọlu Pearl Harbor, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn iléèwé gírámà ilẹ̀ náà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi igi gbẹ́ àwòṣe bàálù 500,000 fún ìjọba. Oríṣi bàálù 50 ni wọ́n fẹ́, ẹgbàárùn-ún fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, ti Jàpáànù náà sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n 1/72 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀dà dúdú ni wọ́n sì fi kùn ún, nítorí pé bàálù tí ó wà lókè tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ní àwọ̀ lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀. Òjìji rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń rí. Àwọn tí ń yin ìbọn sójú ọ̀run ni wọ́n fi àwọn àwòṣe náà kọ́, kí wọ́n má baà yìnbọn lu ọ̀rẹ́ tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀tá kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní dúró lé lórí díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sí yàrá iṣẹ́ ọnà, ó ń fi pépà ìfági dán ìyẹ́ bàálù kan tí kò rí rí, tí ó wà ní òdìkejì ayé, tí ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ń wà. Ní Jàpáànù náà, nígbà ogun kan náà, ìjọba ti fi ṣíṣe àwòṣe bàálù kún ẹ̀kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn àwọn ọmọ lè fà sí òfuurufú. Àwọn ọmọ méjì tí òkun ńlá pín níyà ni wọ́n ń gbẹ́ igi kan náà.

Kí wá ni bàálù náà fúnra rẹ̀? Ní ọdún 1937, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Jàpáànù kọ ìwé sí àwọn iléeṣẹ́ Mitsubishi àti Nakajima pé àwọn ń fẹ́ bàálù ìjà tuntun tí yóò máa gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí wọ́n béèrè pọ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ lè sáré tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Ó gbọ́dọ̀ lè gun òkè dé mítà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè dúró lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó gbọ́dọ̀ gbé ìbọn ńlá méjì àti ìbọn kékeré méjì. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè yí padà lójú ìjà bí ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Nakajima wo ìwé náà, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, wọ́n sì yọwọ́. Mitsubishi nìkan ni ó kù. Horikoshi Jiro, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní ọdún 1903, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní iléeṣẹ́ wọn tí ó wà ní Nagoya.

Ìṣòro Horikoshi kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára kò sí ní Jàpáànù nígbà náà. Sakae tí wọ́n fi sínú Model 21 kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 940 lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, bí ó bá fẹ́ rìn jìnnà, ẹrù rẹ̀ ni yóò dín. Nítorí náà, Horikoshi gbógun ti ìwúwo. Ó lo irin fúyẹ́ tuntun kan tí iléeṣẹ́ Sumitomo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ní ọdún 1936, àdàpọ̀ alumíníọ̀mù tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, fún igi àgbékà inú ìyẹ́. Ó ṣe ìyẹ́ pọ̀ mọ́ apá kan ara bàálù kí ó má baà sí ìdè tí yóò wúwo láàárín wọn. Ibi gbogbo tí irin bá ti lè ṣí sílẹ̀ láìṣẹ́, ó ní kí wọ́n lu ihò sí i. Wọ́n lu ihò sí egungun inú bàálù. Wọ́n lu ihò sí àga awakọ̀ pàápàá. Gbogbo rẹ̀ láìsí epo, láìsí ọta, láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí kílò 1,680.

Àwọn ihò ara àga yìí ni ẹni tí ń to àwòṣe máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Nínú àwọn páálí tí wọ́n ṣe dáradára, ihò náà wà lára ike, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ihò ajere. Ọmọ tí ó bá béèrè pé, "Kí ni ihò wà fún?" ti béèrè ìbéèrè ìtàn. Ìbéèrè kejì ni ó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ni ó wà lẹ́yìn àga náà? Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ìjà Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, pátákó irin nípọn wà lẹ́yìn àga kí ọta má baà bá awakọ̀ láti ẹ̀yìn. Táǹkì epo wọn sì ní rọ́bà tí ń wú pa ihò dé bí ọta bá lu ú. Nínú Zero Model 21, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá wo férémù ike láti òkè dé ilẹ̀ kò ní rí pátákó náà, nítorí kò sí lára bàálù gidi. Ìgbà tí iléeṣẹ́ àwòṣe fi í sílẹ̀, òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Kì í ṣe pé Horikoshi gbàgbé. Ìwé tí wọ́n kọ sí i kò béèrè fún ààbò awakọ̀. Ìrìn jíjìn àti yíyí padà kíákíá ni wọ́n béèrè fún. Irin tí ó nípọn wúwo, bí ó bá sì wúwo, bàálù kò ní lè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn awakọ̀ ọmọ ogun ojú omi pàápàá fẹ́ràn bàálù tí ó yára ju èyí tí ó nípọn lọ. Ẹni tí ó mọ ìjà jà ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé ọ̀tá kò ní dé ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò ìwúwo, ẹ̀mí awakọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n yọ.

Wọ́n parí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1939. Pápákọ̀ kò sí lẹ́bàá iléeṣẹ́ ní Nagoya, wọ́n sì ní láti gbé e lọ sí Kagamigahara tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 48. Ojú ọ̀nà kò dára, wọn kò sì fẹ́ kí ó gbọ̀n jù. Nítorí náà, bàálù tí ó yára jù lọ ní Jàpáànù lọ sí pápá lórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ní òru. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1939, ó fò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1940, èkejì rẹ̀ túká lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n ń dán an wò, awakọ̀ rẹ̀, Okuyama Masumi, sì kú. Ogun kò tíì kàn án nígbà náà.

Orúkọ rẹ̀ ti ìṣirò ọdún wá. Gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ọba Jàpáànù, ọdún 1940 ni ọdún 2600, òdo ni ó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà, bàálù tí wọ́n sì gbà wọlé lọ́dún náà di bàálù ìjà irú òdo. Òdo yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Zero. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1940, Zero mẹ́tàlá kọlu àwọn bàálù Ṣáínà lójú ọ̀run Chongqing. Jàpáànù ní àwọn já mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bọ́. Àkọsílẹ̀ Ṣáínà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì gbà pé kò sí Zero kan tí ó bọ́. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1941, Zero wà lára àwọn bàálù tí ó gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà lọ kọlu Pearl Harbor. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó lè dí i lọ́nà. Ìtàn ìṣẹ́gun yìí wà nínú ìwé gbogbo, kò nílò àsọtúnsọ níhìn-ín.

Ọ̀ràn yí padà ní erékùṣù kékeré kan tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1942, Koga Tadayoshi, ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan, wà lára àwọn tí ó kọlu Dutch Harbor ní Alaska. Ọta ba ọ̀nà òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó gbìyànjú láti balẹ̀ sí Akutan, lórí ohun tí ó rò pé pápá koríko ni, ẹrẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàálù rì, ó dojú dé, ọrùn Koga sì ṣẹ́. Bàálù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má bàjẹ́ rárá. Ní oṣù Keje, àwọn ará Amẹ́ríkà rí i, wọ́n gbé e lọ sí San Diego, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fò ó ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n rí i pé bí ó bá ń sáré gan-an, ó ṣòro fún un láti fì sí ẹ̀gbẹ́, àti pé bí awakọ̀ bá ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kú.

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ara bàálù Koga ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe bàálù Hellcat tí ó borí Zero. Ọjọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Hellcat kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1942, nígbà tí Zero ti Koga ṣì wà nínú ẹrẹ̀ Akutan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Ohun tí bàálù Koga kọ́ wọn ni bí a ṣe ń bá Zero jà. Ẹni tí ó bá to àwòṣe Zero àti ti Hellcat ní ìwọ̀n kan náà, tí ó sì gbé wọn sórí tábìlì kan, yóò rí ìyókù fúnra rẹ̀. Hellcat sanra bí ìkòkò àmù. Láìsí epo, ó lé ní kílò 4,000, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin 2,000. Ilẹ̀ tí ó ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè fi pátákó irin ṣọ́ ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

Ìtàn pátákó náà kò parí síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ra àwòṣe irú Zero tí ó dé kẹ́yìn, Model 52 oríṣi kẹta, yóò rí i pé irin ààbò ti wà lẹ́yìn awakọ̀. Wọ́n ti fi í sí i ní ọdún 1944. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 1,130 lọ, ẹrù sì ti pọ̀ sí i, nítorí náà ó di bàálù tí ó wúwo tí kò sì lágbára. Ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ tí wọ́n mọ iṣẹ́ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ sì ti kú. Wọ́n ti kú tán kí ààbò tó dé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ní ilẹ̀ Philippines, ọ̀gá ọmọ ogun Onishi Takijiro dá a lábàá pé kí wọ́n so bọ́ǹbù kílò 250 mọ́ abẹ́ Zero, kí awakọ̀ sì gbé ara rẹ̀ àti bàálù lu ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá. Àwọn wọ̀nyí ni ayé mọ̀ sí kamikaze. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rán lọ lẹ́yìn náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1943, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti yan nínú òjò ní pápá ìṣeré kan ní Tokyo, nígbà tí ìjọba mú ìdádúró tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kúrò, tí ó sì kó wọn wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé òfin àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n jù nínú wọn. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ni ìjọba fi sílẹ̀, nítorí ó ṣì nílò wọn. Nínú àwọn páálí kan, bọ́ǹbù kílò 250 yẹn wà lára férémù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, bí ègé yòókù.

Àwọn ọwọ́ mìíràn wà tí páálí kò lè gbé. Ó lé ní 10,000 Zero tí wọ́n ṣe títí ogun fi parí, Nakajima tí ó kọ́kọ́ yọwọ́ ni ó sì ṣe èyí tí ó ju ìdajì lọ, nítorí ìjọba pàṣẹ fún un. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n kó wọ iléeṣẹ́. Ní iléeṣẹ́ bàálù Mitsubishi ní Nagoya, àwọn ọmọbìnrin láti ilẹ̀ Kòríà, tí Jàpáànù ń jọba lé lórí nígbà náà, wà lára àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ. Wọ́n ròyìn lẹ́yìn náà pé wọ́n ṣèlérí iléèwé àti owó oṣù fún àwọn, ṣùgbọ́n irin ni àwọn ń gé, ọ̀dà ni àwọn ń kùn sára bàálù. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1944, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà, ilé iṣẹ́ wó, mẹ́fà nínú àwọn ọmọbìnrin Kòríà sì kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí bàálù B-29 ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí àwọn iléeṣẹ́ Mitsubishi ní ìlú náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Gúúsù Kòríà dá àwọn tí ó ṣì wà láàyè nínú wọn láre, ó ní kí Mitsubishi Heavy Industries san owó ìtánràn fún wọn. Arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni wọ́n nígbà náà.

Ó yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ kan há ibí yìí fún àwọn òǹkàwé tí bàbá àgbà wọn lọ sí ogun Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Ọmọ ogun Nàìjíríà, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn, jà níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin láti ìparí ọdún 1943. Ní àfonífojì Kaladan, bàálù ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, nítorí kò sí ọ̀nà. Bí ènìyàn bá gbọ́ pé Zero ni ó ń yìnbọn lu wọn, kí ó rọra gbà á. Zero jẹ́ ti ọmọ ogun ojú omi. Èyí tí ó pọ̀ jù lójú ọ̀run Bọ́mà ni Hayabusa, bàálù ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí Nakajima ṣe. Ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ ti ìdílé kan náà, ìrísí wọn sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ń pe gbogbo rẹ̀ ní Zero. Irú àṣìmọ̀ yìí gan-an ni àwọn àwòṣe onígi ti ọdún 1942 wà láti dènà.

Báwo ni bàálù yìí ṣe wá di ohun tí wọ́n ń fi ike ṣe ní Shizuoka? Ìlú oníṣẹ́ igi ni Shizuoka láti ayébáyé. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá kọ́ ojúbọ ńláńlá ní agbègbè náà ni kò padà sílé mọ́, tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, bọ́ǹbù oníná jó ìlú náà. Ní ọdún 1946, Tamiya Yoshio bẹ̀rẹ̀ òwò pákó níbẹ̀; ní ọdún 1947, ó fi ṣíṣe àwòṣe onígi kún un; ní ọdún 1953, ó pa pákó títà tì, ó di oníṣẹ́ àwòṣe pátápátá. Jàpáànù fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bàálù gidi ní gbogbo ọdún tí àwọn ọmọ ogun aṣẹ́gun fi ń ṣàkóso rẹ̀, títí di ọdún 1952.

Lẹ́yìn náà ni àwòṣe oníke dé láti Amẹ́ríkà, ti onígi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùtà. Ní ọdún 1958, iléeṣẹ́ Marusan gbé àwòṣe oníke jáde ní Jàpáànù, ọkọ̀ abẹ́ omi Nautilus ti Amẹ́ríkà. Tamiya tẹ̀ lé e ní ọdún 1960 pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Yamato, ṣùgbọ́n kò tà, nítorí iléeṣẹ́ mìíràn ti gbé Yamato tí owó rẹ̀ kéré sí i jáde. Gbèsè mọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n. Iṣẹ́ ike kò dà bí iṣẹ́ igi: irin líle ni wọ́n ń gbẹ́ ihò ègé kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n á yọ́ ike, wọ́n á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù náà títí yóò fi kún gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù, wọ́n á sì ṣí i. Mọ́ọ̀dù kan wọ́n gógó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti délẹ̀, ó lè bí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ. Àwòṣe ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ Panther ni ó gba Tamiya là lẹ́yìn èyí. Ọmọ Yoshio, Tamiya Shunsaku, ni ó sọ iléeṣẹ́ náà di èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì kú ní oṣù Keje ọdún 2025 ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọkùnrin yìí kò gba àfọwọ́rọ́ síṣẹ́. Ó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ní Aberdeen ní Amẹ́ríkà láti wọn ọkọ̀ ogun pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ra mọ́tò Porsche kan, ó tú u palẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ̀mí ìwádìí yìí ni wọ́n gbé wọ inú Zero. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000 ní ìwọ̀n 1/32 ní ẹsẹ̀ tí ó ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ṣùgbọ́n àwòrán ara páálí Tamiya ní àṣà kan tí ó yẹ kí olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ páálí wọn, bàálù náà nìkan ni ó wà lórí funfun. Kò sí ìkùukùu, kò sí èéfín, kò sí ọ̀tá, kò sí òkun nísàlẹ̀. Ohun tí a ń rà ni a rí. Ó jẹ́ òtítọ́ ní ti ọjà. Ní ti ìtàn, ó dàbí fọ́tò tí wọ́n gé àwọn yòókù kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù láàárín àwọn tí ń tò ó ni àwọ̀. Ọ̀dà wo ni wọ́n kùn Zero tí ó lọ sí Pearl Harbor? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eérú fífẹ́lẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń lò. Nígbà tí ó yá, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ègé irin tí wọ́n ṣà jọ lára bàálù tí ó já, wọ́n bi ara wọn léèrè bóyá àwọ̀ eérú tí ó súnmọ́ ewé ni, tàbí èyí tí ó pọ́n díẹ̀ bí oyin, àti bóyá oòrùn àti ọjọ́ ogbó ni ó pa á dà. Ọ̀nà tí òpìtàn ń gbà ṣe iṣẹ́ gan-an nìyí: ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ àti ohun tí ilẹ̀ pa mọ́, wọ́n á kó wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọ̀ inú yàrá awakọ̀ pàápàá yàtọ̀ láàárín èyí tí Mitsubishi ṣe àti èyí tí Nakajima ṣe.

Yàrá awakọ̀ náà sì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ tò. A ó kùn ilẹ̀ rẹ̀, a ó lẹ ọ̀pá ìdarí sí i, a ó lẹ àga tí ó ní ihò. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, nítorí náà ohun tí a bá lẹ̀ kò ṣeé tú mọ́ bí ó bá ti gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a ó pa ìlàjì ara bàálù méjèèjì dé mọ́ra, a ó fi ìyẹ́ sí i, a ó fi ìdérí tí ojú ń gbà kọjá bo orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀yìn àga náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ní láti gbé bàálù súnmọ́ ojú, kí ó sì yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.